Ilé Mẹ́rin Nínú Àpótí Kan

Ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù ni mo ń tà ní Niamey, èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti Kútọnu. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti bà á jẹ́ rí. Nínú gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí, dísìkì ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan pamọ́ sí. Bí àwọn kan ṣe ń wo bọ́ọ̀lù ni èmi ṣe ń wo bí àpótí kan ṣe ń fún dísìkì mẹ́rin ní àdírẹ́sì, tí á sì so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ìyàwó mi ní bí mo bá tún ṣàlàyé rẹ̀ nídìí oúnjẹ, òun á gbé abọ́ òun lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ó ti gbé e lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níhìn-ín ránṣẹ́ pè mí, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Ààfáà àgbà ti kú. Ọmọ Ìlọrin ni, ó sì ti pẹ́ ní Harobanda, ní òdìkejì odò, ju ọ̀pọ̀ igi tó wà níbẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun alásàrí ló máa ń ṣe wáàsí ní Yorùbá nínú yàrá àlejò rẹ̀. Bó bá rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ti ń wo òkè, á ju gbólóhùn kan ní èdè Zarma sí wọn, wọ́n á sì padà wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ ilé kéwú tí èmi ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ló gba gbogbo wáàsí náà sílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Fóònù ló ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ tìmùtìmù bàbá rẹ̀. Ó kó àwọn káàdì fóònù náà sínú agolo bisikíìtì. Ooru ìlú yìí ti pa méjì nínú wọn.

"Àbúrò," ló wí fún mi, "ohùn bàbá mi ni. Kò sí níbòmíràn."

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ.

Èrò mi ni pé kí a gbé àpótí kan tó ní ihò mẹ́rin sínú yàrá tí Ààfáà ti ń ṣe wáàsí, kí dísìkì mẹ́rin wọnú rẹ̀. Bàbá Alága, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn aláàánú kan, gbádùn ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú dísìkì kan wá. Ilé mẹ́rin ló sì jẹ́ òpó ẹgbẹ́ wa: ilé Ààfáà fúnra rẹ̀, ilé Alhaji onítáyà ní àdúgbò Bobiel, ilé Alhaja tó ń ta ẹja yìnyín ní ọjà Petit Marché, àti àwọn oníṣẹ́ ọ́fíìsì, tí wọn kì í ṣe ilé kan náà ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọ́n jọ bí ara wọn nítorí pé gbogbo wọn ló ń wọ táì.

Ọjọ́ tí a fẹ́ kó dísìkì náà sínú ihò ni mo kọ́kọ́ rí irú àwọn ènìyàn tí mo ń bá ṣe. Mo ṣàlàyé pé àpótí kì í bẹ̀rẹ̀ kíkà láti oókan. Òdo ló fi ń bẹ̀rẹ̀: òdo, oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ìyẹn ni àdírẹ́sì ihò kọ̀ọ̀kan.

"Òdo?" Alhaji onítáyà dìde. "Ta ni yóò jẹ́ òdo nínú wa?"

"Ẹ má bínú, Alhaji. Òdo ni ìjókòó iwájú."

"Áà. Kí ló dé tí o kò ti sọ bẹ́ẹ̀?" Ó tún jókòó. "Tèmi ni ìjókòó iwájú. Bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ gba ẹnubodè Gaya wọ ilẹ̀ yìí."

"Nínú ọkọ̀ tí bàbá mi ń wà ni wọ́n gbé e wá!" Alhaja ké láti ibi tó wà. "Ṣé ẹrù ni í ṣáájú awakọ̀ dé ni?"

Wákàtí méjì la fi jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé Niamey, kí a tó mọ ihò tí a ó ki irin bọ̀. Níkẹyìn Bàbá Alága, tó mọ ọgbọ́n ìpàdé, ní kí ilé Ààfáà wà ní òdo nítorí olóògbé, kí ilé Alhaji wà ní oókan, kí Alhaja wà ní eéjì, kí àwọn oníṣẹ́ ọ́fíìsì wà ní ẹẹ́ta nítorí pé àwọn ni kékeré. Ilé kọ̀ọ̀kan mú gègé olómi dúdú, wọ́n sì kọ orúkọ ilé wọn gàdàgbà sórí dísìkì wọn. Mo jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Mo rò pé kò ní ìpalára, nítorí àpótí kì í ka ohun tí wọ́n kọ sí ara dísìkì. Lóòótọ́, àpótí kò kà á. Àwọn tó kọ ọ́ ló kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìyàwó mi kò sí nítòsí. Ètò tí a ń pè ní RAID ló wà nínú àpótí náà, ti ìpele karùn-ún. Bí a bá fi wáàsí kan sí i, kì í gbé e odindi sórí dísìkì kan. Á gé e wẹ́wẹ́. Bí fáìlì Ẹ̀gbọ́n ṣe rí, ègé kọ̀ọ̀kan tó bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ègé kìíní á lọ sórí dísìkì kan, èkejì sórí òmíràn, ẹ̀kẹta sórí òmíràn. Kí ni ẹ̀kẹrin ń ṣe? Àròpọ̀ àwọn mẹ́ta yòókù ló ń gbà. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnìkan di ẹẹ́ta mú, ẹnìkan aárùn-ún, ẹnìkan eéjì, ẹni kẹrin sì di ẹẹ́wàá mú. Bí ẹni tó di aárùn-ún mú bá sá lọ, ẹ yọ ẹẹ́ta àti eéjì kúrò nínú ẹẹ́wàá, aárùn-ún ti padà wá, láìjẹ́ pé a bẹ ẹnikẹ́ni. Ní ìgbà mìíràn, dísìkì mìíràn ni yóò gba àròpọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹyọ kan ni yóò máa ru ẹrù àwọn yòókù. Nítorí náà, dísìkì kan tó dá wà dà bí ẹni tó ń tòògbé nídìí wáàsí: ó gbọ́ díẹ̀, ó sùn, ó jí, ó gbọ́ ohun tí kò yé e. Ẹyọ kan lè lọ, kò sí wàhálà. Bí méjì bá lọ, ó parí.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹgbẹ́. Wọ́n mi orí. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé orí mímì kì í ṣe ìdáhùn. Ọ̀nà tí àgbà ń gbà sọ pé kí o jókòó ni.

Ohun kan tún wà tí mo sọ, kí n sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo kìlọ̀ fún wọn pé ooru ni ọ̀tá dísìkì. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tún sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé kò nílò káàdì fóònù rẹ̀ mọ́, nítorí pé àpótí ti gba gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n tọ́jú wọn fún òun. Mo pa ohun tó wà lórí wọn rẹ́, mo sì fi wọ́n ya fídíò ìsọmọlórúkọ ọmọ mi.

Àpótí náà ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dé orí ẹni tí yóò jókòó sórí tìmùtìmù Ààfáà. Bàbá Alága mú ẹnìkan láti ìdílé Alhaja. Alhaji ní àna kan tó mọ kéwú jù ú lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ. Wọn kò mú àna náà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Alhaji kọjá lórí afárá Kennedy pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ tó kún fún táyà, ó wọ yàrá náà, ó tẹ bọ́tìnì ihò oókan, ó sì fa dísìkì ilé rẹ̀ yọ.

"Mi ò jí nǹkan kan," ló wí fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Ìpín ilé mi nínú wáàsí Ààfáà ni mo mú lọ."

Àpótí náà ké kíkankíkan, iná pupa tàn ní ihò oókan, ṣùgbọ́n wáàsí ṣì ń dún. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń ṣe ìṣirò àròpọ̀ bí mo ṣe sọ. Inú mi tilẹ̀ dùn, mo ń pe àwọn ènìyàn kí wọ́n wá wò ó. Òmùgọ̀ ni mí. Àwọn tó wá wò ó kò rí ẹwà ìṣirò. Ohun tí wọ́n rí ni pé Alhaji kó tirẹ̀ lọ, nǹkan kan kò sì ṣe.

Alhaji gbé dísìkì náà lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe kan nítòsí Petit Marché kí ó lè bá a ṣí i. Ọmọkùnrin náà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Babu komai, Alhaji." Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n kọ́kọ́ tún dísìkì náà ṣe kí wọ́n tó lè lò ó. Alhaji ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Bí ìgbà tí wọ́n bá fi ọṣẹ fọ wàláà ni. Ègé wáàsí tó wà lórí rẹ̀ lọ pátápátá. Alhaji wá padà lọ sọ fún gbogbo Bobiel pé Ẹnjiníà, ìyẹn èmi, ti yọ ìpín ilé òun kúrò látilẹ̀wá, pé àwọn ẹlẹ́ja ni mo kó o fún.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Alhaja ní ọjọ́ kejì. Kò jiyàn rárá. Ó gun takisí wá sí Harobanda, ó rí iná pupa tó ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀, ó ní iná kì í jó ilé ẹnìkan kí ẹni tó múlé tì í máa sùn. Ó fa dísìkì ilé tirẹ̀ yọ, ó fi ọ̀rá dì í, ó gbé e lọ.

Ohùn Ààfáà sì dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ló pè mí lórí fóònù. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni fìdáù ọdún kan bàbá rẹ̀, àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti Dosso àti láti Ìlọrin, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò pariwo.

"Àbúrò, kò dún mọ́. Kó àwọn káàdì mi wá."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá irọ́ tí mo lè pa.

"Ṣé o gbọ́ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ti pa wọ́n rẹ́."

Kò bú mi. Ó kàn gé fóònù náà. Èébú ni mo ti retí, mo ti múra sílẹ̀ fún un.

Nǹkan ti wá yé mi. Dísìkì Alhaji ti di irin lásán. Méjì ló kù nínú àpótí. Bí dísìkì Alhaja bá padà wá ní pípé, mẹ́ta ó pé, ohùn ó sì padà. Bí kò bá padà, ọdún mọ́kànlá lọ, kò sì sí ọ̀gá kankan ní ayé tó lè yọ aárùn-ún jáde nígbà tí nọ́mbà méjì ti sọnù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sáré lọ sí Petit Marché. Alhaja wà nídìí fìríìsà rẹ̀, ó ń fi àáké kékeré ya ẹja nínú yìnyín.

"Alhaja, ẹ kú ọjà. Dísìkì yẹn ńkọ́?"

"Ó wà. Ó wà láàbò ju bí ẹ ṣe tọ́jú rẹ̀ lọ."

"Níbo, Alhaja?"

Ó ṣí fìríìsà. Ó gbé páálí ẹja kan, ó gbé èkejì, ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀, ó fa ọ̀rá kan tí yìnyín ti bò jáde.

Ẹnu mi ya.

"Kí lò ń wò mí fún bẹ́ẹ̀?" ló wí. "Ṣebí ìwọ lo ní ooru ló ń pa á? Ẹ̀ẹ̀mẹta lo sọ ọ́. Fọwọ́ kàn án! Kò sí dísìkì tó tutù tó tèmi ní gbogbo Niamey."

Ẹni tó ń ra ẹja lọ́dọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Dísìkì tó ti gan bẹ́ẹ̀, bí a bá ṣí i sínú ooru Niamey, omi á sẹ̀ sí i lára bí òógùn, á sì wọ inú rẹ̀. Bí a bá wá fún un níná, ó tán. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ti ń di ẹja láti ìgbà èwe. Ọ̀rá mẹ́ta ló fi dì í, ó sì so ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí òórùn jáde. Ìdì ẹja rẹ̀ ló gbà wá, kì í ṣe ìmọ̀ mi.

"Ẹ fún mi, Alhaja. Mi ò ní tú u. N óò jẹ́ kí ó yọ́ nínú ọ̀rá náà."

"N óò fún ọ. Ṣùgbọ́n ihò òdo ni yóò padà sí. Ilé mi kò tún jókòó sí ẹ̀yìn onítáyà mọ́."

Bí ó bá jẹ́ irú àpótí àtijọ́ kan ni, n bá sunkún níwájú rẹ̀. Àwọn yẹn, ihò nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí dísìkì bá yí ìjókòó padà, wọ́n á ka wáàsí ní ìdàrúdàpọ̀. Ṣùgbọ́n àpótí wa gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó ń so dísìkì pọ̀, ó ti kọ orúkọ ọ̀wọ́ náà, ìyẹn àwọn mẹ́rin tó so pọ̀, sórí dísìkì kọ̀ọ̀kan, àti ipò tirẹ̀ nínú ọ̀wọ́. Ibikíbi tí o bá gbé e sí, yóò sọ fún àpótí pé èmi ni ẹ̀kẹta nínú ọ̀wọ́ báyìí. Lójú àpótí, ipò ọ̀tọ̀, ìjókòó ọ̀tọ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí fún Alhaja. Mo ti la ẹnu. Mo tún pa á dé.

"Ihò òdo, Alhaja. Kò sí wàhálà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! O ti ń gbọ́n."

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jẹ́ kí ọ̀rá náà yọ́ lórí àga nínú yàrá mi, láìtú u. Ní ọjọ́rú, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, mo nù ún, mo tú u, ara rẹ̀ gbẹ. Mo gbé e lọ sí Harobanda. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo gbé dísìkì ilé Ààfáà kúrò ní òdo sí eéjì, mo ki ti Alhaja bọ òdo, mo fún àpótí níná. Mo fi etí ti irin náà. Ó fẹ́ yí, ó kọ̀, ó tún gbìyànjú, ó yí. Iná mẹ́ta tàn ní àwọ̀ ewé. Àpótí kọ ọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà pé òun rí ọ̀wọ́ kan tó ti fọ́, pé ṣé kí òun tún gbà á padà bí ó ṣe wà.

Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnì náà. Bí nǹkan kan bá ṣì, òun ni ìkẹyìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi lò ń bi?" ló wí. "Nígbà tí o fẹ́ pa káàdì mi rẹ́, ṣé o bi mí?"

Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà fáìlì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwọn ọmọ ilé kéwú tó pẹ́ dé. Mo ṣí ọ̀kan. Ariwo àga, ẹnìkan wúkọ́, lẹ́yìn náà ohùn Ààfáà: "Ta ló bọ́ bàtà sí ojú ọ̀nà mi yìí? Ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣubú kí ẹ lè tètè lọ sílé ni?" Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi ìborùn rẹ̀ bo ẹnu.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àròpọ̀, pé ègé bàtà yẹn lè jẹ́ èyí tí àpótí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò ní ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá. Ó na ọwọ́ sí mi kí n dákẹ́. Ó mú dísìkì tuntun kan jáde láti inú àpò rẹ̀, kékeré, èyí tí a ń fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Da gbogbo rẹ̀ kọ sórí èyí."

"Ẹ̀gbọ́n, kò pọn dandan. Bí mo bá ti rí dísìkì kẹrin, ọ̀wọ́ náà á tún..."

"Mo ní da gbogbo rẹ̀ kọ."

Ó tọ̀nà, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn. Mo mọ iye ègé tí wáàsí kọ̀ọ̀kan ní. Mo mọ ipò àti ìjókòó. Ṣùgbọ́n ohun tí olùkọ́ ilé kéwú mọ̀ láìkàwé rẹ̀, pé ohun tí o kò bá fẹ́ kó sọnù, kí o ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, èmi kò ṣe é. Ọ̀wọ́ dísìkì kì í ṣe ẹ̀dà. Ènìyàn mẹ́rin tó jọ ru ẹrù kan ni, ẹrù náà kò sì tíì di méjì.

Wákàtí mẹ́rin ló gbà, nítorí pé dísìkì mẹ́ta ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Kò kúrò níbẹ̀. Mo ní kí ó lọ jẹun, ó sún ẹní rẹ̀ mọ́ àpótí. Kí ó tó dé ìdajì, Alhaji onítáyà dé pẹ̀lú dísìkì rẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ bí wàláà. Ó gbọ́ pé Alhaja ti wà ní òdo. Ó dúró ní àgbàlá, ó ń pariwo pé bí òun kò bá wà níwájú, òun kò ní dá tòun padà. Bàbá Alága dé, ó ní kí a pe ìpàdé. Alhaja dé pẹ̀lú ìborùn ọjà lọ́rùn, ó ní ìpàdé kẹ̀, ẹni tó ti jókòó kì í dìde fún ẹni tó pẹ́ dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níta lábẹ́ igi dongoyárò, wọ́n tún padà sórí ọkọ̀ tó gba Gaya àti ẹni tó wà á. Láàárín wọn kò sí ẹnìkan tó béèrè bóyá ohùn olóògbé ti padà.

Nígbà tí ó parí, Ẹ̀gbọ́n ní kí n dìde lórí àga. Ó jókòó. Ó ṣí fáìlì àkọ́kọ́ láti orí dísìkì tirẹ̀, ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó sún un sí àárín, ó gbọ́ ìparí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì. Fún ẹ̀kẹta. Kò fo ọ̀kankan. Ìgbà tí oòrùn ti ń wọ̀ ló tó dé orí wáàsí tó kẹ́yìn, èyí tí Ààfáà fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe lórí ibùsùn, tó ní kí wọ́n dárí jì òun bí òun kò bá lè parí rẹ̀ lónìí. Ìyẹn ló gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó yọ okùn. Ó wo ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú.

"Ó pé," ló wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ó ti ki dísìkì náà bọ àpò rẹ̀, ó ti wọ bàtà. Ó gba àárín àwọn àgbà mẹ́ta tó ń jà lábẹ́ igi kọjá, ó kúnlẹ̀ kí wọn bó ti yẹ, wọ́n dá a lóhùn láìwò ó, ó sì gbé bàbá rẹ̀ lọ sílé tirẹ̀.